Aurion àti Ìpè Apàlọ́: Àyẹ̀wò Géèmù Ìtàn Kan fún Àwọn Tí Ń Sọ Ifẹ̀ ní Agbègbè Atakpamé

Ìfáárà

Kò sí ọmọ Yorùbá-Nàgó kan, yálà ní Atakpamé tàbí ní Kámbólé, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Kétu, tí yóò gbọ́ ìpè apàlọ́ tí kò ní mọ̀ pé òun ní láti dáhùn. Bí apàlọ́ bá pè tí àwọn olùgbọ́ kò dáhùn, kò sí àlọ́ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń dá sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Bí orin bá sì dé, àwọn olùgbọ́ ni wọn yóò gbè é. Bí wọn kò bá gbè é, Ìjàpá kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé géèmù orí kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ fi olùgbọ́ sínú ìtàn kò tí ì jókòó sídìí àlọ́ rí. Irinṣẹ́ ni ó jẹ́ tuntun. Nínú géèmù ìtàn, ẹni tí ó ń gbá a ni ó ń darí ẹ̀dá ìtàn: ibi tí ó bá ní kí ó lọ ni yóò lọ, ẹni tí ó bá ní kí ó bá sọ̀rọ̀ ni yóò bá sọ̀rọ̀, bí ó bá sì kùnà lójú ìjà, ìtàn kò ní tẹ̀síwájú títí yóò fi tún un ṣe.

Géèmù tí àyẹ̀wò yìí dá lé ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan, tí ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ṣe ní Yaoundé, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, tí ó sì jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2016. Ó wà lára àwọn géèmù tí wọ́n ń pè ní ti òmìnira, èyí ni pé àwọn tí ó ṣe é kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kankan tí ń fowó sílẹ̀ tí ó sì ń pàṣẹ ohun tí ìtàn yóò jẹ́. Ìdí tí ó fi yẹ kí àwọn tí ń sọ èdè Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé fiyè sí iṣẹ́ kan tí ó ti Kamẹrúùnù wá kò ṣòro láti rí. Ilẹ̀ tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba ni ilẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní agbára owó ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tí iṣẹ́ náà sì bá pàdé lójú ọ̀nà, ìyẹn ìbéèrè èdè, ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Atakpamé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé ojú ayé

Ní 2003 ni Olivier Madiba, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Yaoundé nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti fi ètò orí kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ́ géèmù ṣíṣe, hun ìtàn náà. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ó tó dá Kiro'o Games sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpin ọdún 2013. Láti ìgbà tí èrò náà ti kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn títí di ọjọ́ tí géèmù náà jáde, ọdún mẹ́tàlá ni. Kò yẹ kí ènìyàn fi ojú kékeré wo iye ọdún yìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti tó ọmọ ilé-ìwé gíga kékeré kí ó tó rí i.

Owó ni ìṣòro kìn-ín-ní. Àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ta ìpín nínú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn nílé àti lókèèrè, díẹ̀ díẹ̀, títí wọ́n fi rí ohun tí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2015, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Kickstarter, níbi tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé ti lè dá owó fún iṣẹ́ tí kò tí ì parí. 40,000 yúrò ni wọ́n béèrè, ohun tí wọ́n rí sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó dá a lé ní 1,000 ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ń fi irú owó yìí wé àjọ, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ni ó jọ. Ẹni tí ó dá àjọ yóò kó owó rẹ̀ bí ó bá kàn án. Ẹni tí ó wá sí ọ̀wẹ̀ kò retí ju oúnjẹ ọjọ́ náà lọ. Ohun tí ó wù ú ni kí oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ríro. Àwọn tí ó dá owó fún Aurion lórí Kickstarter kò gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Ìṣòro kejì ni iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní Yaoundé, ìkẹta sì ni pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí. Àwọn ayàwòrán, àwọn akọrin àti àwọn tí ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ara wọn ni. Gbogbo èyí ni àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè ròyìn púpọ̀púpọ̀, débi pé ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìtàn tí ó wà nínú géèmù mọ́lẹ̀. Ó tọ́ kí lámèyítọ́ mọ ìtàn kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ìtàn kejì ni ó gbọ́dọ̀ ṣèdájọ́ lé lórí.

Àhunpọ̀ ìtàn náà

Enzo Kori-Odan ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ọmọ ọba ni, ní ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Zama, nínú ayé àfinúrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Auriona. Ní ọjọ́ ìwúyè rẹ̀ gan-an ni Ngarba Evou, arákùnrin Erine ìyàwó rẹ̀, fi ipá gba ìjọba. Enzo àti Erine di ẹni tí ó sá kúrò nílé. Wọ́n ń rìn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, wọ́n ń wá alátìlẹ́yìn, wọ́n sì ń kó agbára jọ, kí wọ́n lè padà wá gba ohun tí ó jẹ́ tiwọn. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti ń bá ìṣòro oríṣiríṣi pàdé, tí Enzo sì ń kọ́ pé ẹni tí ó fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí òun fi fẹ́ ẹ.

Ohun méjì ni ó gbé ìtàn yìí ga. Èkíní ni Erine. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù, obìnrin ni ohun tí wọ́n jí gbé, tí ọkùnrin yóò máa wá kiri. Nínú Aurion, ọkọ àti ìyàwó jọ ń rìn ni, wọ́n jọ ń jà. Erine ni ó ń fi agbára tirẹ̀ gbe Enzo lẹ́yìn lójú ogun, ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣubú. Ó sì tún jẹ́ ọmọ ìyá ọ̀tá ọkọ rẹ̀. Ìdílé méjì ni ó ń fa ọkàn obìnrin yìí, ìtàn náà kò sì jẹ́ kí ẹni tí ó ń gbá géèmù náà gbàgbé.

Èkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní Aurion fúnra rẹ̀. Agbára tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ ni. Enzo kò lè rà á lọ́jà, kò sì lè jí i. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lóye ohun kan nípa ara rẹ̀ àti nípa ìran rẹ̀ kí agbára tuntun tó ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó bá ti rí akọni tí wọ́n ń ki ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀ yóò mọ ohun tí àwọn òǹkọ̀wé yìí ń wá. Bí akígbe bá ti ń dárúkọ àwọn baba, ara akọni náà ń yí padà. Agbára tí ó rò pé ó ti tán tún ń padà wá. Ohun tí Aurion ṣe ni pé ó sọ èrò yìí di ìṣe ọwọ́. Ẹni tí ó ń gbá géèmù kò kàn gbọ́ pé ogún baba ní agbára. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n lára nígbà tí Enzo bá yí padà láàrin ìjà. Ní ibi wọ̀nyí, ìtàn àti eré di ohun kan náà, ibẹ̀ sì ni géèmù náà ti dára jù.

Àléébù rẹ̀ wà níbi tí ìtàn àti eré ti pínyà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Aurion. Àwọn ẹ̀dá ìtàn á dúró lójú kan, ọ̀rọ̀ wọn á máa jáde ní kíkọ lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó ń gbá a á sì máa tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo kí gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e lè jáde. Lẹ́yìn èyí ni ìjà yóò dé, tí ọ̀rọ̀ yóò sì dákẹ́. Nígbà tí ẹnu ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ sùn. Nígbà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu sùn. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ òkèèrè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti gùn jù. Ẹni tí ó ti ìdí àlọ́ dìde kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àlọ́ lè gùn kí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kí ọmọdé má sì sùn, nítorí pé apàlọ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi orin kan ọwọ́ olùgbọ́. Kì í ṣe gígùn ọ̀rọ̀ ni ó ba Aurion jẹ́. Àwọn tí ó ṣe é kò wá iṣẹ́ fún olùgbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ ni. Ìdájọ́ yìí le ju ti àwọn ará òkèèrè lọ, nítorí pé òṣùwọ̀n ilé ni ó fi wọ̀n ọ́n.

Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ náà

Oríṣi ojú méjì ni àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè fi wo Aurion. Àwọn kan yìn ín nítorí ibi tí ó ti wá. Wọ́n ní ó yani lẹ́nu pé irú nǹkan báyìí lè jáde láti Yaoundé, ìyìn wọn sì dà bí ìyìn tí wọ́n fi ń gba ọmọdé tí ó ń kọ́ ìrìn níyànjú. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kò ṣe òǹkọ̀wé ní àǹfààní, nítorí kò sọ fún un ohun tí ó ṣe dáadáa àti ohun tí ó yẹ kí ó tún ṣe. Àwọn kejì fi géèmù àwọn ará Japan wọ̀n ọ́n. Wọ́n gbóríyìn fún àwọ̀ àti aṣọ inú rẹ̀, fún ayé tí kò jọ èyí tí wọ́n ti rí rí àti fún ìjà rẹ̀ tí ó gbóná, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdarí rẹ̀ kò já gaara, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jù. Kò sí ìrẹ́jẹ nínú èyí. Madiba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi pamọ́ pé àwọn géèmù Japan ni ó kọ́ àwọn ní ọ̀nà tí àwọn fi ń jà nínú eré. Ẹni tí ó bá yá òṣùwọ̀n kò lè bínú bí wọ́n bá fi wọn ọjà rẹ̀.

Ní ilé ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows ni wọ́n ṣe Aurion fún, orí Steam ni wọ́n sì ti ń tà á. Kí ènìyàn tó rà á, ó ní láti ní kọ̀ǹpútà tí ó lágbára díẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì tí ó lè gbé nǹkan ńlá, àti káàdì báǹkì tí ilé ìtajà òkèèrè yóò gbà. Ní ilẹ̀ tí fóònù alágbèéká ti jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ó di pé àwọn tí ó ni aṣọ tí Enzo wọ̀ ni yóò ṣòro fún jù láti rí Enzo. Àwọn tí ó ṣe é mọ èyí. Lẹ́yìn náà ni Kiro'o Games yí sí fóònù, tí ó sì ṣe Le Responsable Mboa, géèmù kan tí ó dá lé òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó ń bá ìwà ìbàjẹ́ wọ̀jà. Ìyípadà yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ lámèyítọ́ fún iṣẹ́ ìṣáájú.

Ìbéèrè èdè

Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni Aurion ń sọ. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà jáde láti inú èdè Swàhílì, orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn jọ ti ilẹ̀ adúláwọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èdè Kamẹrúùnù kan tí ìtàn náà fi sọ ara rẹ̀. Ó rọrùn láti dá wọn lẹ́bi, kò sì tọ́ kí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Èdè tí ó lé ní 200 ni wọ́n ń sọ ní Kamẹrúùnù. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan, àwọn tí ó ni ìyókù yóò béèrè ìdí. Ayé àfinúrò tí wọ́n dá sílẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan láti fi sá fún ìjà yẹn: ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni kò lè sọ èdè ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n gbèsè wà lórí ìpinnu náà, ibì kan sì wà nínú ìtàn tí ó ti hàn gbangba. Láàrin àwọn Yorùbá, ọkọ ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó rẹ̀. Ọba kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ ìwúyè Enzo, ẹni tí ó ti ń bọ̀wọ̀ fún àna di ẹni tí àna yóò máa wólẹ̀ fún. Òǹkọ̀wé tí ó bá ń fi Yorùbá kọ ìtàn yìí yóò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni kùkùté ọ̀tẹ̀ Ngarba wà, kò sì ní nílò àlàyé gígùn. Ìkíni kan ṣoṣo, àti ìyípadà láti "ẹ" sí "o", yóò sọ ohun tí ojú ìwé mẹ́ta ń sọ. Lóòótọ́, Faransé ní "tu" àti "vous", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì kò mọ ohun tí ń jẹ́ àna. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ó ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn Èkìtì, fún àpẹẹrẹ, ní ọ̀nà tiwọn. Èyí kò dín ọ̀rọ̀ náà kù. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ń fi ọ̀wọ̀ pamọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ìtàn ti ń rí okun. Ìtàn tí ó bá fi èdè ilé sílẹ̀ fi okun náà sílẹ̀ pẹ̀lú, yóò sì ní láti fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dí àlàfo rẹ̀. Bóyá apá kan nínú ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú Aurion nìyẹn.

Àwọn tí ó gba ọ̀nà mìíràn

Àwọn kan ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Never Alone jáde ní Àlásíkà. Àjọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, Cook Inlet Tribal Council, ni ó fi owó tirẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, ó sì bá àwọn tí ó mọ iṣẹ́ géèmù ní ilé-iṣẹ́ E-Line Media pọ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Iñupiat ni wọ́n lò, èyí tí Robert Nasruk Cleveland, gbajúgbajà asọ̀tàn wọn, ti sọ sílẹ̀ kí ó tó kú. Kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ìtàn náà, wọ́n wá ọmọ rẹ̀ obìnrin, Minnie Gray, rí, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn asọ̀tàn inú géèmù náà, èdè Iñupiaq ni ó ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó ń jáde ní kíkọ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ.

Lámèyítọ́ rí àléébù níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní géèmù náà kúrú, wọ́n ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun tí ń bá ọmọbìnrin inú ìtàn rìn máa ń ṣìnà nígbà mìíràn tí ọmọbìnrin náà á sì torí rẹ̀ kú. Àléébù ọwọ́ ni wọ̀nyí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti ara èdè wá. Ní 2015, ó gba ẹ̀bùn BAFTA ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ àkọ́ṣe tí ó dára jù. Ní 2018 bákan náà, ilé-iṣẹ́ Lienzo ní Mẹ́síkò ṣe Mulaka, tí asọ̀tàn inú rẹ̀ ń sọ èdè àwọn Tarahumara. Àwọn tí ń sọ èdè méjèèjì yìí kò pọ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé èdè tí àwọn olùsọ rẹ̀ kéré kò lè ru géèmù, ẹ̀rí ti ta ko ó.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó yẹ kí ènìyàn kọ́ ìkìlọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Surgent Studios, ilé-iṣẹ́ tí òṣèré Abubakar Salim dá sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Tales of Kenzera: ZAU jáde. Ikú baba rẹ̀ ni ó mú un ronú kan ìtàn náà, ìtàn ìbílẹ̀ àwọn Bantu ni ó fi hun ún, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Swàhílì yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn ín nítorí ọ̀nà tí ó gbà sọ̀rọ̀ nípa ọ̀fọ̀. Àwọn mìíràn ní ìjà inú rẹ̀ kò jinlẹ̀. Àwọn kan sì kàn bú u nítorí àwọ̀ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti kéde pé òun yóò dín àwọn òṣìṣẹ́ òun kù. Ìyìn nìkan kì í bọ́ ará ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣe é ní ìwọ̀n tí apá rẹ̀ yóò ká.

Agbègbè Atakpamé

Atakpamé wà ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé, láàrin àwọn òkè. Àwọn tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ifẹ̀, ń gbé níbẹ̀ àti ní àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ títí dé inú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Ìtàn ìrìnàjò, ti ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ tí ó sì gbé orúkọ ilé náà dání lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wọn láti Zama.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irinṣẹ́ ńlá tí ń gbé ọ̀rọ̀ yóò dé agbègbè náà. Ní Kàmínà, nítòsí Atakpamé, ni àwọn ará Jámánì kọ́ ilé rédíò kan sí, tí ó lè bá ibùdó Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ láti ibi tí ó lé ní 5,000 kìlómítà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí ogun dé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fọ́ ọ kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Àwọn ará agbègbè náà wà lára àwọn tí ó fi orí ru ẹrù ìkọ́lé náà; ọ̀rọ̀ tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá kì í ṣe tiwọn. Irinṣẹ́ lè wà ní ẹ̀yìnkùlé ènìyàn kí ó má mọ ohùn rẹ̀.

Ìṣètò èdè ní Tógò kò sì fi àyè púpọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 1975, Ewe àti Kabiyè ni wọ́n mú wọ ilé-ìwé. Ifẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Atakpamé ti kọ èdè náà sílẹ̀, wọ́n sì ti tẹ ìwé jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkọ̀wé tún mú ìyapa wá. Ẹni tí ó kàwé ní Nàìjíríà ń kọ "ọmọ", ẹni tí ó kàwé ní Tógò tàbí ní Bẹ̀nẹ̀ ń kọ "ɔmɔ", àwọn méjèèjì sì lè wo ìwé ara wọn bí ìwé àjèjì. Ní ibi yìí ni Never Alone ti ní ẹ̀kọ́ pàtàkì fún Atakpamé. Ohùn ni ó gbé èdè náà, kì í ṣe ìwé. Etí kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Ọmọ Atakpamé tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Ifẹ̀ yóò gbọ́ apàlọ́. Ọmọ Kétu àti ọmọ Ọ̀yọ́ yóò gbọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, wọn yóò sì rí ìyókù nínú ìtumọ̀ tí ó bá jáde ní kíkọ.

Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kéré. Kí ó jẹ́ àlọ́ kan ṣoṣo, fún fóònù, tí ẹni tí ó mọ àlọ́ ní agbègbè náà fi ẹnu ara rẹ̀ pa, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe bèèrè lọ́wọ́ ọmọ Cleveland. Kí orin inú rẹ̀ má jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́. Orin ni kí ó jẹ́ eré náà: bí ẹni tí ó ń gbá a kò bá gbè é ní àsìkò, kí ìtàn dúró, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dúró nílé. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnu àti ọwọ́ yóò jọ ṣiṣẹ́, ohun tí ó sọnù nínú Aurion yóò sì di rírí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ tí ó ti mọ géèmù bọ́ọ̀lù àti ti ìbọn kò ní fetí sí àlọ́ tí kò ní àwòrán ńlá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù náà kì í sì í ṣe asán: iṣẹ́ tí kò bá dùn kò lè gba èdè là, bí ó ti wù kí èrò tí ó bí i dára tó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn tí yóò ṣe é wo Aurion dáadáa, kí wọ́n wo ibi tí ó ti dùn àti ibi tí ó ti súni. Ìfẹ́ èdè kò lè dípò iṣẹ́ ọwọ́.

Ìkádìí

Bí ènìyàn bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, Aurion jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ ní yíyìn, ìyìn rẹ̀ kò sì nílò àforíjì. Ó fi hàn pé ogún baba lè di ohun tí ọwọ́ ọmọ ń ṣe, ó fún ìyàwó ní ipò tí ó tọ́ sí i nínú ìtàn, àwọn tí ó ṣe é sì rọ́jú parí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó pe àwọn ọmọ ilé ní èdè tí wọ́n ń fi ṣe ìdánwò, ní orí irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní. Nítorí náà, ọ̀nà jíjìn ni èyí tí ó pọ̀ nínú ìdáhùn ti wá.

Ní Atakpamé, àwọn tí ó mọ àlọ́ ṣì wà, àwọn ọmọ wọn sì ní fóònù lọ́wọ́. Àwọn apàlọ́ náà ń dàgbà lọ. Bí ẹni tí yóò gba ohùn wọn sílẹ̀ bá fẹ́ dúró di ìgbà tí owó yóò tó láti ṣe Aurion mìíràn, kí ó rántí iye ọdún tí ó gba Madiba, kí ó sì ka iye ọdún tí ó ṣẹ́ kù fún apàlọ́.